Aṣọ Aláwọ̀ Mẹ́rin Tí Mo Kọ̀ Láti Rán

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwa náà ń bẹ láàyè, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti ń sinmi, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò tíì sinmi.

A rí ìwé tí o kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde, gbà. Àbúrò rẹ ló ń kà á fún wa ní ṣọ́ọ̀bù bí mo ṣe ń ránṣọ. Nígbà tó dé ibi tí ìjọba ti ń pín àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sí ọ̀nà mẹ́rin, tí kálukú á wọ aṣọ àwọ̀ tirẹ̀ títí dọjọ́ ikú, tí aláwọ̀ eérú á máa gbálẹ̀, tí aláwọ̀ aró á máa pàṣẹ, àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ mi. Àbúrò rẹ ní ìtàn lásán ni, pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú ni. Mo ní kó dákẹ́, èmi ò bí òpùrọ́. Mo sì yí ẹ̀yìn ìwé wò, mo rí àwọn ìlà dúdú wẹ́wẹ́ tí nọ́ńbà wà lábẹ́ wọn, mo mọ̀ pé ìjọba ti rí ọ, wọ́n ti kà ọ́ mọ́ àwọn tí wọ́n ń ṣọ́. Ọmọ mi, rọra o.

Ìwé náà dùn, n kò ní purọ́. Ohun tó dára jù níbẹ̀ ni pé ọmọdé tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ dìde, ó ní òun ò gbà. Ìyẹn wọ̀ mí lára. Àmọ́ àwọn ibì kan kù díẹ̀ káàtó. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo dojú ìjọba bolẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò jẹun, kò fọṣọ, ìbọn ń dún lọ́tùn-ún lósì, ọmọkùnrin méjì ṣì ń bá a sọ̀rọ̀ ìfẹ́! Ṣé wọn ò níṣẹ́ ni? Àwọn ìkà ibẹ̀ náà, ìkà ni wọ́n láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rò pé oore lòun ń ṣe. Mi ò tíì rí irú wọn rí.

Kò pẹ́ tí a kà á tán ni ọ̀gá obìnrin tuntun tó dé sí ilé-ìwé gbé aṣọ wá. Pupa, búlúù, yẹ́lò, àwọ̀ ewé. Mẹ́rin! Ó ní kí n rán an fún àwọn ọmọ, wọ́n ti pín wọn, kálukú ti mọ àwọ̀ tirẹ̀. Mo ní yéè, ó ti dé. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí, mo jókòó lé e, mo ní kó lọ sọ fún àwọn tó rán an níṣẹ́ pé ọwọ́ tèmi kọ́ ni wọ́n máa gbà ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, kí wọ́n kúkú yìnbọn fún mi. Obìnrin náà yíjú sí ìyá rẹ, ó béèrè bóyá mo ti lo oògùn mi. Àbúrò rẹ ló wá là mí lọ́yẹ̀ pé aṣọ eré sísá ni, ẹgbẹ́ mẹ́rin ló máa díje, tí wọ́n bá sáré tán wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á gba ilé lọ. A bú sẹ́rìn-ín.

Àbúrò rẹ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní mo gbèjà ọmọ ọlọ́mọ, òun ńkọ́? Ó ní láti kékeré òun ni mo ti ní ìdí máṣíìnì lòun máa jókòó sí, ta ló bi òun léèrè? Ó ní ọ̀dọ̀ wẹ́dà tó ń jó irin lódìkejì títì lòun fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́. Ó dùn mí, ọmọ mi, kí n má parọ́, torí ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, òun ni mo gbẹ́kẹ̀ lé pé á gba ṣọ́ọ̀bù yìí lọ́wọ́ mi. Ìyá rẹ, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, kò sọ nǹkan kan. Mo dìde lórí àpótí, mo ní kó máa lọ.

Wẹ́dà ní kó mú dígí dúdú àti ìbọ̀wọ́ wá. Jọ̀ọ́, fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, kí o bù sí i fún ìyá rẹ. Má fi gba inú fóònù o, ojú fóònù wa ti sán, owó lè jò dànù. Fi lé awakọ̀ lọ́wọ́.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á yẹ ọ́. Ohun kan ló kù: bàbá ọmọ inú ìwé rẹ ti kú ká tó ṣí ewé kejì. Tí o bá ń kọ òmíràn, jọ̀ọ́, jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ láyé. Bóyá á gbọ́n.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.