Tíṣà Ẹ-Bi-Wọ́n: Ìgbésí Ayé Màmá Tó Kọ́ Àwọn Òtẹ́ẹ̀lì Bí A Ṣe Ń Gba Àlejò

Ọdún 1953 ni wọ́n bí Màmá, nínú yàrá kan ṣoṣo lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Aláàárù ni bàbá wọn, ọmọ aláàárù. Ẹrù olówó ni ìran wọn fi orí rù jẹun. Alágbàfọ̀ ni ìyá wọn, aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fọ̀, ọwọ́ wọn kì í sì í gbẹ. Màmá ni àkọ́bí. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni àbúrò wọn obìnrin dé, ẹni tí gbogbo ilé mọ̀ sí Àǹtí Kékeré. Àǹtí ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ fi gba ẹsẹ̀ wọn méjèèjì. Ẹ̀yìn Màmá ni wọ́n gbé dàgbà. Ẹ̀yìn yẹn náà ni wọ́n gbé lọ sí ilé-ìwé, tí àwọn ọmọ kíláàsì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹranko olórí méjì ń bọ̀. Màmá a máa dá wọn lóhùn pé orí méjì sàn ju orí òfìfo kan lọ.

Ní 1967, àwọn ọ̀gá ojú irin fún bàbá wọn ní ìwé ìrìnnà ọ̀fẹ́, bàbá sì kó tìyàwó-tọmọ lọ wo òkun. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé ilé àlejò kan létí omi. Akọ̀wé tó jókòó sídìí tábìlì wo Àǹtí lẹ́yìn Màmá, ó wá bi bàbá pé, “Kí la máa wá ṣe ti eléyìí?” Ó ní oúnjẹ ò ní lọ lẹ́nu àwọn àlejò yòókù bí wọ́n bá ń wò ó. Gbogbo ayé wọn ni bàbá ti fi ń sọ “bẹ́ẹ̀ ni, sà” fún ẹlẹ́rù. Wọ́n tún sọ ọ́ níjọ́ náà. Ọkọ̀ tó gbé wọn wá náà ló gbé wọn padà. Inú ọkọ̀ ni Àǹtí ti ní òun ì bá sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ibùdókọ̀, bí òun bá ṣáà ti lè rí òkun tí ilẹ̀ bá mọ́. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Ó dun Màmá wọra. Wọ́n ṣèlérí fún àbúrò wọn pé àwọn méjèèjì á padà lọ, ẹnu ọ̀nà iwájú ni wọ́n á sì gbà wọlé.

Atọ́jú yàrá ni Màmá fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n tẹ́ ibùsùn títí wọ́n fi dé ìdí tábìlì tí wọ́n ti ń gba àlejò, bẹ́ẹ̀ títí ayé wọn, wọn ò lè kọjá lára ibùsùn tó bá rún láì tún un tẹ́. Ní 1976, wọ́n fẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó ń kó arìnrìn-àjò afẹ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni ọkọ wọn yìí, àmọ́ Màmá sọ wọ́n di alágídí. Wọ́n tú ìjókòó méjì kúrò nínú bọ́ọ̀sì kí àga onítáyà Àǹtí àti ti àwọn bíi tiwọn lè ráyè, àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ wọn sì ń bi wọ́n pé ṣé màlúù ni wọ́n fẹ́ máa kó ni. Ọkọ wọn ṣaláìsí ní 2009.

Láti 1984 títí di 2014, Màmá jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìrìn-àjò afẹ́. Ẹ̀kọ́ wọn àkọ́kọ́ kò ní ìwé nínú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á jókòó sínú àga onítáyà láti àárọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀, ẹni tó ń tì í ni wọ́n á máa bi: “Kí ni eléyìí máa jẹ? Ṣé ó fẹ́ tọ̀ ni?” Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ga bí ilẹ̀kùn, tó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, ti ń sunkún kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Màmá ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Wọ́n ní kó nujú, kó má sì gbàgbé. Bí àlejò bá jẹ́ afọ́jú, wọ́n ní ẹ má wọ́ ọ lọ́wọ́ bí ewúrẹ́. Bó bá jẹ́ adití, ẹ má jágbe mọ́ ọn, ẹ kọjú sí i. Lórí ohun gbogbo, a kì í fárí lẹ́yìn olórí: “Ẹ bi wọ́n!” Àwọn ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì kan ò fẹ́ rí Màmá sójú, wọ́n ní obìnrin yìí fẹ́ sọ òtẹ́ẹ̀lì àwọn di ilé ìwòsàn. Àwọn ló fi Tíṣà Ẹ-Bi-Wọ́n bú wọn. Màmá sọ ọ́ di oyè.

Onígbàgbọ́ ni Màmá, síbẹ̀ ìta ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń jọ́sìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, lábẹ́ fèrèsé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí, lójò lẹ́ẹ̀rùn, nítorí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní Ọlọ́run kọ́ ló kọ́ àtẹ̀gùn náà, bíríkìlà ni. Ní 1998, ojú ti ìjọ, wọ́n sì rọ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí táyà lè gùn. Ọ̀nà yẹn ni pósí Màmá máa gbà wọlé lónìí.

Ilé àlejò etí òkun nìkan ni kò gbọ́. Ó di òtẹ́ẹ̀lì ńlá, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Àwọn ọmọ Màmá bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn gbé Àǹtí gùn ún. Àǹtí kọ̀, wọ́n ní bàbá àwọn ti gbé ẹrù tó láyé yìí, àwọn kì í ṣe ẹrù. Màmá ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ọdún tó kọjá ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó sunkún lọ́jọ́sí, tí orí rẹ̀ ti funfun báyìí, di ọ̀gá níbẹ̀. Ó fọ́ àtẹ̀gùn iwájú, ó ṣe ọ̀nà fún táyà, ó wá pe Tíṣà rẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n gba yàrá kan, ibùsùn méjì, fèrèsé tó kọjú sí omi. Àwọn àgbà méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù bí ọmọdé.

Kí ọjọ́ tó pé ni àrùn rọpárọsẹ̀ gbé Màmá ṣubú. Ó gba ẹsẹ̀, ó gba ọwọ́ kan, ó gba ohùn. Ní ilé ìwòsàn, dókítà á dúró níbi ẹsẹ̀ ibùsùn, á máa bi àwọn ọmọ: “Ṣé Màmá ti jẹun? Ṣé wọ́n sùn?” Àwọn ọmọ á sì máa dáhùn. Àwọn ọmọ Tíṣà Ẹ-Bi-Wọ́n, ẹ gbọ́! Olórí la ojú sílẹ̀, wọ́n ń fá a lórí. Ọwọ́ kan tó ṣẹ́kù ni Màmá fi ń lu irin ibùsùn. Àwọn ọmọ rò pé ìrora ni, wọ́n ní kí dókítà fún Màmá ní oògùn oorun. Àfìgbà tí Àǹtí dé, tí wọ́n ti àga wọn sún mọ́ orí ibùsùn. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ibí yìí lẹ fẹ́ wà, àbí òkun? Bó bá jẹ́ òkun, ẹ di ọwọ́ mi mú.” Màmá dì í mú débi pé ojú èékánná ṣì wà lọ́wọ́ Àǹtí títí di òní. Gbogbo àwọn ọmọ ló rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n ní kí ara kọ́kọ́ le díẹ̀ ná. Ara ò le. Màmá kọjú sí ògiri, wọ́n sì dákẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Kò sí bí ẹbí ṣe lè sọ ọ́ tí kò ní dunni.

Màmá fi ọmọ mẹ́ta sáyé: aránṣọ, bíríkìlà, àti àbígbẹ̀yìn tó ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ bíi tiwọn, ọmọ-ọmọ méje, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò níye nídìí tábìlì òtẹ́ẹ̀lì káàkiri, àti Àǹtí Kékeré.

Ẹ̀yin tí ẹ máa wá kí Àǹtí lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi ẹni tó ń ti àga wọn pé ṣé wọ́n ti jẹun. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ojú wọn, ẹ bi wọ́n. Ẹbí náà ti bi wọ́n bóyá kí àwọn fagi lé yàrá etí òkun. Àǹtí ní rárá, àwọn ń lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹbí bi wọ́n pé ta ni kó bá wọn sùn níbẹ̀. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má bá àwọn sùn, kí òtẹ́ẹ̀lì ṣáà tẹ́ ibùsùn méjèèjì. Lọ́tẹ̀ yìí, bí wọ́n ṣe wí ni ẹbí máa ṣe é.

Tíṣà, tiyín ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ sùn re o.