Síńgílẹ́ẹ̀tì Inú Àwo

Bàbá Husnah,

Ẹ ṣí àwo tí mo dé sórí tábìlì kí ẹ tó pè mí. Kì í ṣe oúnjẹ o. Ohun tó kù lára síńgílẹ́ẹ̀tì yín ni, èyí tí ẹ ní mo bá yín sọ nù níbi tí mo sá aṣọ sí.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lẹ ti ń pariwo pé ẹja yíyan mi ló ń mú píkọ́ọ̀pù rùn, pé kí n wá ọkọ̀ mìíràn tí yóò máa gbé e. Lẹ́yìn àsùbáà òní, mo sítáàtì ọkọ̀, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo dúró. Èéfín ń rú lára àkísà kan lórí páìpù sàlẹ́ńsà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Mo pa ọkọ̀, mo fi irin tí mo fi ń yí ẹja fa àkísà náà jáde, àṣé síńgílẹ́ẹ̀tì yín ni. Ẹ̀yin lẹ fi nu ọ́ìlì lọ́jọ́ tí ẹ ní ẹ ò nílò mẹkáníìkì, ẹ wá gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹnjiníà.

Mo ti wà á yí àdúgbò ká, kò rùn mọ́. Ẹ má wulẹ̀ pe rewáyà kankan wá tú wáyà ọkọ̀.

Ẹ má bínú pé mi ò jí yín. Mo ti fi píkọ́ọ̀pù gbé ẹja mi lọ sí ọjà Ìpọ̀nrí. Imú yín tó gbọ́ òórùn ẹja yẹn, ẹ ní kó bá yín wá bọ́ọ̀sì.

Sìmíátù