Ẹ̀rọ Omi Tó Ń Dúró De Bánà

Ojúlé Kẹrìnlá, Òpópónà Àkànó,
Ajégúnlẹ̀, Àpápá,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Bélú, 2012.

Fọláyọ̀ mi, ọ̀rẹ́ àtọmọdé,

Báwo ni ara? Ṣé ẹsẹ̀ Màmá tó wú ti fà? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń sùn dáadáa? Mo kí ọ kú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo kí ọ kú àìsùn, mo sì kí gbogbo yín ní Lọ́kọ́já kú ewu omíyalé. Sàláwù ọkọ mi ń kí ọ. Ó ní ẹja tí o ṣèlérí fún òun dà, kí o má sọ pé omi ló gbé e lọ.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Nígbà tí mo ka ibi tí o ti sọ pé onígbáméjì ti pa ọmọ mẹ́rin níléèwé tí ẹ kó àwọn tí omi lé kúrò nílé sí, mo sunkún. O ní kí n bá ọ wádìí ẹ̀rọ tí àwọn òyìnbó fi ránṣẹ́, èyí tó ń sọ omi ìdọ̀tí di mímu. Èmi gan-an ló yẹ kí o bi, torí iléeṣẹ́ wa tó ń bá èèyàn gba ẹrù ló gbà á jáde ní wọ́ọ̀fù. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló fi la òkun kọjá. Ó ti lo ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n níbí.

Má rò pé ìwé ló dá a dúró. Ìwé ti pé tipẹ́, ẹ̀rọ sì ti wà lórí tírélà ní Kirikiri. Alága ìgbìmọ̀ ìrànwọ́ ló ní kò gbọdọ̀ kúrò, àfi tí òun bá kọ́kọ́ ṣí i níwájú oníròyìn, pẹ̀lú bánà tí àwòrán òun wà lára rẹ̀. Lucky tó ń tẹ bánà ládùúgbò wa ṣe é, ó dára. Alága ní fìlà orí òun nínú àwòrán náà ti gbó, kí wọ́n tún un tẹ̀. Fìlà, Fọláyọ̀. Àwọn ọmọ ń yàgbẹ́ kú, ẹnì kan jókòó, ó ń wo fìlà.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá ó yọjú. Rénbúùtù, bàtà òjò tó ga dé orúnkún, ló wọ̀ rìn lórí kọnkéré gbígbẹ. Ó gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn tírélà, ó ní kí wọ́n ya òun ní fọ́tò bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú omi jáde. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ yín láti ìgbà tí odò ti kún; àní ó bi mí pé ọ̀nà ibo ni wọ́n ń gbà débẹ̀. Òyìnbó kan tó ṣojú àwọn tó fi ẹ̀rọ náà tọrẹ béèrè ìgbà tí yóò gbéra. Alága fún un ní mínírà. Mo wo bàbá onífìlà yẹn látòkè délẹ̀, mo pòṣé, mo sì rí i dájú pé ó gbọ́. Síbẹ̀ kò ṣí i lọ́jọ́ náà, torí wọ́n ń gbéyàwó lẹ́bí rẹ̀; Sátidé ọ̀sẹ̀ yìí ló tún sún ayẹyẹ náà sí.

Ebimobowei ló ń wa tírélà yìí. Ọmọ Bàyẹ́lsà ni, omi ti wó ilé bàbá tiẹ̀ náà. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tó ti ń sùn lábẹ́ ọkọ̀. Lánàá ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó ní, "Aunty, na banner dem go drink?"

Ọ̀gá wa, Okechukwu, kì í ṣe èèyàn burúkú, ojo lásán ni. Ó ní kí n tọ́jú ìwé ìjáde ọkọ̀ náà sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi títí Alága yóò fi ráyè. Láàárọ̀ yìí ni mo mú un jáde, mo fún Ebimobowei. Tí wọ́n bá kó kánópì àti kámẹ́rà dé lọ́jọ́ Sátidé, ilẹ̀ lásán ni wọn yóò bá. Kí Alága ṣí ìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n lé mi níṣẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n mi ò lè máa ti àgádágodo mọ́ omi tí àwọn ọmọ yẹn fẹ́ mu.

Bá mi kí Màmá, bá mi kí Gbénró ẹ̀gbọ́n rẹ. Ebimobowei ló mú lẹ́tà yìí wá, ẹ̀rọ náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ tàn án kíá. Tí wọ́n bá fóònù pé kí ẹ má fọwọ́ kàn án títí Alága yóò fi dé, sọ fún wọn pé àwọn ọmọ ti mu omi níbẹ̀.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí inú ń bí,
Tiwalọlá.