Ìka Tí Mo Gbé Sókè

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún
Kírikẹ́ẹ̀tì, eré bọ́ọ̀lù onígi, ni lónìí: agbègbè wa àti agbègbè kejì. Ẹyẹlé — agbéraga tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn — na igi sí bọ́ọ̀lù tó ń kọjá. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hán an. Gbogbo wọn lọgun, wọ́n kọjú sí èmi adájọ́. Bí bọ́ọ̀lù bá kan igi, Ẹyẹlé ti jáde nìyẹn. Etí la fi ń mọ̀ ọ́n.
Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbé ìka sókè: jáde! Ariwo ló dá ẹjọ́, kì í ṣe èmi.

Àìkú, ọjọ́ karùn-ún
Ìyàwó mi pè mí lẹ́ẹ̀mẹta láti kíṣìnnì. Ó wá dúró níwájú mi. "Bàbá wọn, etí ọ̀tún náà ti ń lọ. Ẹ sọ fún ìgbìmọ̀ eré yín." Mo jágbe mọ́ ọn. Òótọ́ korò.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbá bọ́ọ̀lù fún agbègbè yìí. Wọn ò pè mí sí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè rí. Ohun tí mo rí mú bọ̀ ni bọ́ọ̀lù tó bà mí létí òsì, tó pa á. Ọdún mẹ́rìnlá mìíràn nínú ẹ̀wù funfun adájọ́. Mo máa ń fọ́nnu pé èmi ò lè ṣe èké láé. Họ̀ọ̀! Èmi náà rèé.

Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá
Ẹyẹlé ti fẹjọ́ sùn. Ó ní igi òun ò kan bọ́ọ̀lù rárá. Ìgbìmọ̀ á jókòó lọ́jọ́ Ajé.
Ahọ́n Oyin, adájọ́ kejì tá a jọ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, wá sílé. Ó ní òun á búra pé òun gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù lára igi, kẹ́! Mo ní ibi tó dúró jìnnà. Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún." Ó jẹ ẹ̀pà mi tán, ó lọ. Mo fi ọṣẹ fọ àga tó jókòó lé. Ṣùgbọ́n mi ò sọ fún un pé kó má ṣe é.

Àìkú, ọjọ́ kejìlá
Oúnjẹ ò lọ.

Ajé, ọjọ́ kẹtàlá
Yàrá ìgbìmọ̀ móoru, kápẹ́ẹ̀tì ń rùn. Alága ń fi ìdérí bírò ro etí. Ahọ́n Oyin búra, ojú ò tì í. Ẹyẹlé búra tiẹ̀. Wọ́n bi mí ṣé mo gbọ́ ọ. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Wọ́n dá mi láre, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́.
Níta, Ẹyẹlé tẹnu bọ etí ọ̀tún mi. "Ẹ má bínú, bàbá. Ó kàn án o. Mo kàn ní kí n gbìyànjú ẹ̀ wò ni."
Irọ́ mẹ́ta ló bí òótọ́ kan nínú yàrá yẹn, tèmi sì wà níbẹ̀.
Mo padà wọlé. Mo sọ fún Alága pé mi ò gbọ́ nǹkan kan, pé etí mi ti kú. Ó rọra ti ilẹ̀kùn. "A ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ gbọ́. Ẹ lọ sinmi, bàbá. Ẹ̀yin la yàn fún àṣekágbá."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún
Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé mi ò ṣe adájọ́ mọ́, mo sì kọ ìdí rẹ̀. Ìkan fún Alága. Ìkan fún oníròyìn eré ìdárayá. Ìyàwó mi ní kí n dárúkọ Ahọ́n Oyin náà. Rárá. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìkan ni mo jẹ́wọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Oníròyìn pè láàárọ̀. Ìyàwó mi ló gbé fóònù, ó fọwọ́ bò ó. "Ó ń bi mí bóyá òótọ́ ni. Ṣé kí n ní ẹ ò sí nílé?"
Mo ní, "Sọ fún un pé òótọ́ ni. Sọ ọ́ sókè, kí n lè gbọ́."