Ibi Tí "Kàú" Ti Wá

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá 2025
Fẹ́mi — Balógun wa — ní kí n kọ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu wa ti ṣẹ̀ fún àwọn ọmọ tuntun. Èmi ni "Akọ̀wé", mi ò lè sá. Eré ogun la máa ń ṣe nínú oko obì lẹ́yìn Ìpẹ̀rú: idà fóòmù lọ́wọ́, kálukú ń jẹ́ ẹni tó bá yàn títí di ìrọ̀lẹ́. Mo ti kọ méjì. "Jẹ búrẹ́dì" — kí wọ́n pa ọ́ nínú eré. Tájù ni wọ́n kọ́kọ́ pa; ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó jẹ odidi búrẹ́dì kan kí ogun tó parí. "Wọ Ìsarà" — kí o ṣìnà. Fẹ́mi fúnra rẹ̀ ló ṣe ìyẹn, kò fẹ́ kí n dárúkọ òun.
Ó ku "Kàú".

Ọjọ́ Àìkú, 5
Mi ò kọ nǹkan kan.

Ọjọ́rú, 8
Kareemat, ọmọ tuntun, pè mí — ṣé lóòótọ́ ni Kàú jẹ́ ayaba àtijọ́ kan. Fẹ́mi ló purọ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu tí mo fi ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì náà ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11
Raqeebah wá forúkọ sílẹ̀. Àbúrò Kàúsárà. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an. Ó fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀. Ìyá wọn tó ń ta obì ní Ṣàgámù fi obì ránṣẹ́ sí mi: kí Láídé bá òun tọ́jú rẹ̀. Èmi kẹ̀.
Òjò tú wa ká kí ẹnikẹ́ni tó pe Kàú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òjò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14
Jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí.
Ọdún méjì sẹ́yìn, Kàúsárà ń ṣe amí, èmi ni mo mú un. Ó ṣubú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń nawọ́ sí báàgì rẹ̀. A pàtẹ́wọ́. Ó mọ eré ṣe jù wá lọ. Fẹ́mi fẹ́ sún mọ́ ọn. Èmi ni mo ní kó má ba eré jẹ́. Oògùn ikọ́ fée rẹ̀ wà nínú báàgì náà. Báàgì náà wà lọ́rùn mi — ìkógun.
Lẹ́yìn ìsìnkú la ṣòfin. Ẹni tí nǹkan bá ṣe lóòótọ́, kó pe orúkọ Kàúsárà. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mira títí ẹni tó pè é á fi ní "Ó tán". Ẹlòmíràn ò lè sọ ọ́. Ẹnu ló gé e di Kàú. Ní báyìí, bí bàtà bá já, wọ́n á pè é, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín.
A sọ fún ìyá rẹ̀ pé kò sóhun tí a ò ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì, 17
Mo lọ sí Ṣàgámù. Ìyá wọn ti lọ kírun Jímọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Raqeebah nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ń ṣa obì, ọwọ́ rẹ̀ ò dúró. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí: báàgì wo. Mo ní èyí tó ní ìlẹ̀kẹ̀. Ó ní òun lòun fọwọ́ rán báàgì náà.
Mo sunkún dé Ìpẹ̀rú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18
Raqeebah wá. Mi ò retí rẹ̀. Kò wọ aṣọ ogun. Ó rìn wọ àárín wa, ó pè é — kì í ṣe Kàú, odidi orúkọ náà ni: Kàúsárà. Gbogbo wa dúró. Ẹsẹ̀ Tájù kan ṣì wà lókè. Ó wò wá níkọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ pẹ́ lára mi. Ó wá yí padà, ó gba ọ̀nà títì lọ. A gbọ́ ìró ọ̀kadà tó gbé e.
Kò sọ pé ó tán.
Àwọn ọmọ tuntun ló kọ́kọ́ mira. Fẹ́mi ní ká máa lọ sílé. Èmi dúró títí oòrùn fi wọ̀. Kò padà wá.