Ẹ̀rín Ẹnu Dọ́fíìnì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Ìyá Ẹranko,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé ò ń jẹun? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ tí o fi jáde nílé kò ní kọ, ohun rere lojú rẹ yóò máa rí. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Eékún rẹ̀ ti fúyẹ́, àmọ́ tí mo bá ti ní kó bá mi fa omi, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

Ẹ̀gbọ́n rẹ sọ fún mi pé o pe fóònù mi títí, kò lọ. Má bínú, èmi ni mo pa á. Fídíò dọ́fíìnì, ẹran inú òkun tí o fi ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù, ló fà á.

O ní ká wo bó ṣe ń fò nínú adágún tí wọ́n fi símẹ́ńtì kọ́ fún un. A wò ó, ó wù wá. Bàbá rẹ ní kí n tún un tẹ̀, ẹranko náà tún fò. Káfíńtà tó ń ṣiṣẹ́ lójúde wa gbọ́ ariwo, ó gbé ayùn sílẹ̀, ó wọlé, òun náà tẹ̀ ẹ́, ó pe ìyàwó rẹ̀, ìyẹn náà tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ni dọ́fíìnì ń fò, kò sì sẹ́ni tó fún un ní nǹkan kan jẹ. Mo wá rántí ohun tí o kọ sí wa, pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń mú wọn kúrò nínú òkun, tí wọ́n ń há wọn mọ́ inú adágún, kí wọ́n máa fò fún olówó kí wọ́n tó rí oúnjẹ jẹ. Àánú ṣe mí. Mo gba fóònù, mo pa á, mo tẹ́ aṣọ sínú àpótí mi, mo gbé e síbẹ̀ kó lè sinmi. Ìyàwó káfíńtà ní ká gbé e sínú abọ́ omi, mo ní rárá, ẹni tó ń tún fóònù ṣe ti kìlọ̀ fún mi pé fóònù kì í fẹ́ omi. Irú ilé wo ni wọ́n kó ẹran omi sí yìí, tí omi jẹ́ èèwọ̀ rẹ̀?

Kò yà mí lẹ́nu pé ìtàn wọn lò ń kọ. Láti kékeré ni. Ìwọ lo tú ewúrẹ́ onílé sílẹ̀ nítorí o ní ó ń sunkún, tó wá jẹ ẹ̀wù ìyàwó tí mo rán tí mo sì sá sóòrùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń kó ọmọ wálé, ìwọ ń kó ìtàn ẹja wálé. Mo mọ̀, o ti ní kì í ṣe ẹja, ó ń fọ́mọ lọ́mú. Bàbá rẹ ní tó bá ń fọ́mọ lọ́mú, kí wọ́n yáa dá a padà fún ọmọ rẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan kò kúrò lọ́kàn mi. O ní bí wọ́n ṣe dá ẹnu dọ́fíìnì nìyẹn, pé bó tiẹ̀ wà nínú ìrora, àwọn tó ń wòran á rò pé ẹ̀rín ló ń rín. Orí maṣíìnì ìránṣọ mi ni mo wà tí ọ̀rọ̀ yẹn fi sọ sí mi lọ́kàn. Mo dìde, mo lọ wo àwọn fọ́tò rẹ tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri. Nínú gbogbo wọn pátá, ò ń rẹ́rìn-ín, egungun ọrùn rẹ sì ti yọ. Bàbá rẹ ní inú rẹ ń dùn ni. Mo ní òun náà ti di ẹni tó sanwó wọlé wá wòran. Òun náà wá wò wọ́n, ó sì pẹ́ kó tó kúrò níwájú ògiri náà. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi.

Mo ti fẹ́ ní kí o fi owó bẹ́líìtì maṣíìnì ránṣẹ́, àti ti oògùn eékún. Má fi ránṣẹ́ mọ́, fi wọkọ̀ wálé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Má sì kọ̀wé pé dáadáa lo wà, ojú lọ̀rọ̀ wà. Fóònù ṣì wà nínú àpótí, ìwọ tí o mọ ewúrẹ́ tú, wá tú u sílẹ̀.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ dé ilé, kò ní jẹ́ kí o rí ibi lọ́nà. Tí o bá dé tí o ò lè rẹ́rìn-ín, má rín in. Nílé tiwa, o ò ní fò kí á tó fún ọ lóúnjẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ