Fèrèsé Tí A Fi Fóòmù Dí

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní, oṣù kẹfà
Ó rẹ̀ mí dé egungun, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn. A ti kó ẹrù kúrò nínú yàrá kékeré. Àpótí, ike, ẹ̀bùn ìgbéyàwó tí a ò tíì tú. Ọkọ mi — Baálé ni màá máa pè é níbí, torí bó ṣe ń yan kiri ilé látọjọ́ tí a ti ṣègbéyàwó — ní yàrá orin nìyẹn máa jẹ́. Kò ní sí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, kò ní sí tẹlifíṣọ̀n. Àga méjì, ẹ̀rọ àwo, sípíkà méjì, ó parí. Nígbà tó ń kọnu sí mi, kò ṣèlérí ilé ńlá. Ó ní a óò ní yàrá kan tí àwa méjèèjì á ti máa jókòó gbọ́ orin kan náà lẹ́yìn iṣẹ́. Mo gbà á lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta
Mo lọ aṣọ oníbàárà níbi ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ títí apá mi fi kú. Mo délé, mo tún fọ ògiri. Mo ń dá rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà
A ti to gbogbo rẹ̀. Sípíkà kan sápá fèrèsé, èkejì sápá ilẹ̀kùn. Baálé dojú kọ wọ́n, fèrèsé wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó gbé àwo kan sí i. Ojú rẹ̀ fà ro. Ó ní ti fèrèsé ò dún dáadáa. Mo ní ó ń dún o. “Ìyàwó mi, ìwọ ò mọ orin.” Òótọ́ ni, n ò mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Bọ̀dá Onírédíò, ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní ìkángun òpópónà wa, wá wò ó. Ó fi sípíkà méjèèjì pààrọ̀ àyè. Baálé ní ti apá fèrèsé náà ṣì ni. Bọ̀dá họrí. “Ọ̀gá mi, sípíkà yín ò ṣe nǹkan kan. Fèrèsé yìí ló ń gbé ohùn lọ.” Baálé ní òun náà ti fura. Làwọn méjèèjì bá dúró, wọ́n ń wo fèrèsé bí ẹni wo olè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá
A gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́, a fi dí fèrèsé, a kan pátákó lé e. Ooru ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Àǹtí, ẹ̀gbọ́n Baálé obìnrin, yọjú wọlé. “Ìyàwó wa, ṣé orin lẹ fẹ́ máa gbọ́ níbí ni, àbí ẹ fẹ́ sin òròmọdìyẹ?” Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Àtidìde wá dogun.
Kò sì dún fún Baálé síbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá
Mo sùn lọ nídìí áyọ́ọ̀nù. Ọ̀gá wa obìnrin ní, “Ẹ fi í sílẹ̀, ìyàwó tuntun ni.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá mọ̀ pé kápẹ́ẹ̀tì la ń kàn mọ́ ògiri yàrá orin lóru.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún
Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.
Mò ń gbálẹ̀. Mo yí àga Baálé padà kí n lè gbá abẹ́ rẹ̀, mo gbàgbé láti dá a padà. Ó ti ibi ìlagi tó ti ń ṣiṣẹ́ dé, ìyẹ̀fun igi kún irun rẹ̀, ó jókòó gbì, ẹ̀yìn ló kọ sí sípíkà. Mo ní kó sinmi, mo fi àwo sí i fún un. Ojú rẹ̀ là. “Ìyàwó mi, o ti ṣe é! Ti fèrèsé ti ń dún.” Díẹ̀ ló kù kí n fò. Ó wá ní, “Àmọ́ ti ilẹ̀kùn ti wá lọ sílẹ̀.”
N ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Àga nìkan ni mo yí.
Mo rìn lọ sápá ọ̀tún rẹ̀, mo pè é jẹ́jẹ́. Kò dáhùn. Mo lọ sápá òsì, mo pè é bákan náà. Ó ní, “Kí ló dé?”
Gbogbo làálàá yìí — ìṣó, fóòmù, ooru — yàrá tí kò ṣe nǹkan kan la ń tún ṣe.
Mo sọ fún un pé etí ọ̀tún rẹ̀ ni kò gbọ́ràn. Ó ní irọ́ ni. Mo ní kó fọwọ́ dí etí òsì. Ó dí i. Mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe ń yí padà. Ó pa ẹ̀rọ, ó lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn níta.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún
A lọ rí dókítà etí. Apá ọ̀tún ni Baálé máa ń kọ sí ayùn ńlá níbi iṣẹ́, láti ìgbà tó ti wà níbẹ̀. Dókítà ní èyí tó lọ ti lọ, kó máa fi nǹkan bo ti òsì níbi iṣẹ́ kíyẹn náà má baà tẹ̀ lé e. Nígbà tí a délé, ó ní kí n fi yàrá yẹn ṣe ohun tó bá wù mí, òun ò ní nǹkan ṣe níbẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún
Mo yọ fóòmù. Atẹ́gùn wọlé, kò bá ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún
Mo ń wọ́ sípíkà fèrèsé lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, ẹ̀yìn ń dùn mí. Ni mo gbọ́ ohùn Baálé lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí ni mò ń ṣe. Mo ní mo fẹ́ kó méjèèjì sápá tí etí rẹ̀ wà. Ó ní, “Ìwọ ńkọ́? Ṣé o fẹ́ di bíi tèmi ni?” Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e padà sáàyè rẹ̀. Ó jókòó, ó ní kí n wá jókòó sápá òsì òun, kí n máa sọ ohun tó wà lápá fèrèsé fún òun.
Ó gbé àwo orin kan sí i, èyí tó máa ń kọ nígbà tó ń kọnu sí mi. Ọdún yẹn ló ra àwo náà, ó sì ti wà níbi ìlagi nígbà náà. Mo tẹ́tí. Mo ní jìtá wà níbẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni ń yọ́ rìn. Mo ní obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń gberin.
Ó wò mí. Ó ní kò sí obìnrin kankan nínú orin yẹn.
Mo ní ó wà níbẹ̀, lápá fèrèsé nìkan.
Ó ní, “Kọ tirẹ̀ fún mi.”
Ohùn mi ò dára, ó sì ti rẹ̀ mí. Mo gbẹ́nu sétí òsì rẹ̀, mo ń tẹ̀ lé obìnrin yẹn, mo ń ṣì í kọ. Àwo náà parí. Èmi náà dákẹ́.
Ó ní, “Ta ló ní kí o dákẹ́?”